Ẹ Má Gbé Iṣu Ọdún Yìí Lọ Sílé Tàjú

Ẹ kú ilé o, Bàbá Múfú, ẹ̀gbọ́n mi tó di bàbá mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ kú òjò, ẹ kú oko, ẹ kú ìnira ẹsẹ̀. Èmi Sàlámọ́tù ni mò ń kí yín láti Àbíjàn. Mo kúnlẹ̀ o. Bí orúnkún ò tilẹ̀ gbà fún mi mọ́, ẹ kà á sí pé mo kúnlẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀: ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mí, mi ò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Mi ò gbà á lọ́wọ́ ọmọ tí mo bí, mi ò gbà á lọ́wọ́ lèmọ́mù. Ẹ má sì bínú, lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí, mi ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹ̀yin náà. Ẹni tí ìmọ̀ràn bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kó fi ro oko.

Ẹ bá mi kí Ìyá Múfú, ìyàwó wa tí kì í gbàgbé nǹkan. Iṣẹ́ wà fún wọn nínú ìwé yìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó tì yín. Mo kí Múfú tó ń kà á sí yín létí. Múfú, kà á bí mo ṣe kọ ọ́. Má fo ibì kankan nítorí pé o rí i tí ojú bàbá rẹ yí padà. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí wọ́n tó ní kí n máa lọ pọn ọmọ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ gbogbo èyí, ó sì gbà mí ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ àárọ̀. Mo ti ní kí àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde, kí Èrúwà, Ìgbò-Ọrà, Tápà àti Ìgàngán kà á. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ó ní ọ̀rọ̀ ilé kì í jáde. Ọ̀rọ̀ yìí ti jáde, Bàbá Múfú. Ọjọ́ tí wọ́n pè yín sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọlọ́dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ní àbúrò yín ò ní ilẹ̀, ọjọ́ náà ló ti jáde.

Òjò ti dé síbí. Ti Èrúwà dára, ó máa ń rán atẹ́gùn ṣíwájú kí èèyàn lè ráyè kó aṣọ wọlé. Ti Àbíjàn kì í kanlẹ̀kùn. Bó bá bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí, omi gọ́tà á gun àgbàlá, á wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, èmi á sì máa kó abọ́ ọjà mi lọ sórí ibùsùn. Abọ́ á sùn, èmi á jókòó. Abọ́ tánńganran náà ni mo ṣì ń tà. Àwọn tó kù lọ́jà ti lọ sídìí ike, wọ́n ní ta ló ń ra tánńganran láyé ìsinsìnyí. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ abọ́ tí ọmọ rẹ̀ á jogún ni. Lọ́jọ́ mìíràn mo tà, lọ́jọ́ mìíràn mo nu eruku ara wọn, mo sì gbé wọn padà wálé.

Láti ìgbà tí ọkọ mi, bàbá Lùkú, ti kú, yàrá yìí ti fẹ̀ jù fún mi, bẹ́ẹ̀ kò tó èèyàn méjì nà sí. Àwọn ará àgbàlá ń kí mi, mo ń kí wọn. Mo gbọ́ Faransé wọn dáadáa. Mo lè fi ná ọjà, mo lè fi jà. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rẹ́rìn-ín ní Faransé rí. Ẹ̀rín mi, Èrúwà ló wà. Bí nǹkan bá pa mí lẹ́rìn-ín lọ́jà, màá gbé e dání títí màá fi délé, màá wá máa wo ibi tí ọkọ mi máa ń jókòó sí.

Ohun tó lé mi dé ìdí ilẹ̀ rírà ni ọmọ onílé mi. Bàbá rẹ̀ ló gbà wá sílé, èèyàn dáadáa. Nígbà tó kú, ọmọ bọ́ sí i. Bí oṣù bá ti lé, á dé, á dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, kò ní kí mi, á máa fi kọ́kọ́rọ́ yí ìka. Ọmọ tó ń rákò nígbà tí a dé àgbàlá yẹn! Mo sọ fún ọkọ mi nígbà náà pé èmi ò ní kú sábẹ́ kọ́kọ́rọ́ ọmọdé. Owó tí a ti san lórí yàrá yìí láti ìgbà tí a ti wà nínú ẹ̀, bí wọ́n bá tò ó lé ara wọn, yóò ga ju ilé náà lọ. Síbẹ̀ bí mo bá kan ìṣó mọ́ ògiri, màá tọrọ ààyè.

Ẹ ó rántí pé nígbà tí mo wálé wá sìnkú Màmá, ẹ̀yin lẹ mú mi lọ sọ́dọ̀ Bàbá Àlàó. Ilẹ̀ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ọ̀nà Pólì, ilé-ẹ̀kọ́ gíga Èrúwà, koríko tó ga ju èèyàn ló kún un nígbà náà. Kò sí iná, kò sí ọ̀nà. Owó abọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi ra wúrà ni mo kó kalẹ̀. Bàbá Àlàó mú wa rìn yí i po, ó fúnra rẹ̀ gbẹ́ ihò, ó gbin pèrègún sí igun kọ̀ọ̀kan, a jẹ obì lórí ẹ̀, ó sì tẹ̀ka sórí rìsíìtì lójú yín. Nígbà tí a padà délé, gbogbo àdúgbò ń fi mí ṣẹ̀rín. Wọ́n ní Sàlámọ́tù ti Àbíjàn bọ̀, ó ra ilé fún òkété. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, mo rí yín. Mo ní ẹ jẹ́ kí òkété máa bá mi ṣọ́ ọ.

Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ẹran ọ̀sìn ń kú. Wúrà, olè ń jí i. Owó tó bá wà nílé, ẹbí á wá yá a. Ilẹ̀ tí èèyàn rà tí kò tíì kọ́ kì í ṣàìsàn, kì í béèrè aṣọ ọdún, kì í jẹun. Èèyàn kàn máa dúró ni, ìlú ló máa rìn lọ bá a. Ìlú sì rìn. Ẹ̀yin lẹ pè mí pé iná ti dé ẹ̀yìn Pólì, pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá ilé bí ẹni ń wá omi lẹ́ẹ̀rùn, pé yàrá tí ewúrẹ́ ò ní gbà láti sùn sí, ọmọ ọlọ́mọ ń san owó ọdún kan sílẹ̀ lé e lórí. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ilé tí mo ti ń kọ́ sọ́kàn gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀.

Kì í ṣe ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí èèyàn mẹ́wàá ń du ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan. Mo ti gbé irú ẹ̀, mo mọ ìjà tó ń bí. Yàrá á tò tẹ̀lé ara wọn, kálukú pẹ̀lú ibi ìdáná tirẹ̀, kànga níwájú, ti ìkángun á wà fún èmi, níbi tí màá ti máa rí ẹni tó ń wọlé. Mi ò ní gba owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí àwọn onílé tiwa ṣe ń ṣe. Owó ilé tí onílé bá kó jẹ tán ṣíwájú, bí òrùlé bá wá ń jò, kò ní rí nǹkan fi tún un ṣe, á wá máa bú ayálégbé. Bí mo bá sì ń lọ gba owó ilé, màá kọ́kọ́ kí wọn. Owó yàrá wọ̀nyẹn ni màá máa jẹ títí wọn yóò fi gbé mi lọ. Mi ò ní na ọwọ́ sí Lùkú ọmọ mi, mi ò ní na ọwọ́ sí yín. Ohun tí Tàjú ọmọ Bàbá Àlàó fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn. Kì í ṣe koríko.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ibi tó ń dùn mí. Nígbà tí mo ra ilẹ̀ tán, mo ní kí ẹ máa gbin nǹkan sí i, torí ilẹ̀ tó bá dá wà nílé tiwa, ojú ló ń pè. Ẹ gbin iṣu, ẹ gbin ẹ̀gẹ́. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, Bàbá Múfú, ìwà rere yín ti pọ̀ jù. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá wa iṣu tuntun, ẹ ó ṣa èyí tó dára jù, ẹ ó fi epo kún un, ẹ ó gbé e lọ fún Bàbá Àlàó. Ẹ ní ó ṣe dáadáa sí wa, kò ta ilẹ̀ fún wa kó tún lọ tà á fún ẹlòmíràn bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Ẹ ní kí ìfẹ́ má baà tutù. Nígbà tó kú, ẹ ò dúró, ẹ ń gbé e fún Tàjú, àkọ́bí rẹ̀. Lọ́dún tí ọ̀dá pa iṣu yín, ẹ fi owó ara yín ra iṣu lọ́jà Tápà, ẹ gbé e lọ. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Mo rò pé ilẹ̀ mi kì í jẹun. Àṣé iṣu ló ń jẹ.

Ta ni ọmọ Ìbàràpá tí kò mọ̀ pé ẹni tó yá ilẹ̀ dá oko ló ń gbé iṣu fún onílẹ̀ lọ́dọọdún? Ìṣákọ́lẹ̀ nìyẹn. Wọn kì í wo bó ṣe pọ̀ tó, ọwọ́ tó ń gbé e bọ̀ ni wọ́n ń wò. Ẹni tó bá ti ń gbé e ti gbà pé ilẹ̀ kì í ṣe tòun. Bàbá wa gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń dáko sórí ilẹ̀ ilé wa, ẹ̀yin lẹ máa ń bá wọn gbé apẹ̀rẹ̀ wọlé. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn rò pé torí pé ẹ fi inú funfun gbé e lọ, inú funfun náà ni wọ́n máa fi rí i.

Ẹ wá wò ó bí Tàjú ṣe rí i. Ilẹ̀ ẹ̀yìn Pólì gbówó lórí, olówó kan láti Ìbàdàn ní òun ń wá ibi tí òun máa kọ́ ilé akẹ́kọ̀ọ́ sí, Tàjú bá rántí iṣu. Ó ní bàbá òun ò ta ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nílé wa, ó ní ó yá wa ni. Ẹ fi rìsíìtì hàn án, ó ní àtẹ̀ka ò lójú, kò lẹ́nu, àtàǹpàkò ẹnikẹ́ni ló lè jẹ́. Ó ní kí ẹ sọ fún òun, ta ló rí ẹni tó ra aṣọ tó tún ń sanwó háyà lé aṣọ ọ̀hún lórí. Ó ní ẹ tilẹ̀ lọ ra iṣu ní Tápà lọ́dún ọ̀dá, ó wá bi yín bóyá ìfẹ́ ló lé yín dé ọjà àbí ẹ̀rù onílẹ̀. Múfú ní gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ìyàwó ilé wọn kan tilẹ̀ ki yín ní bàbá oníṣu. Ẹ̀yin, ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé, ẹ di bàbá oníṣu lẹ́nu àwọn tó ń jẹ iṣu yín. 

Tàjú wá ní òun ò ní lé yín bí ẹni lé ajá, òun ń fojú àgbà wò yín. Ó ní nígbà tí ẹ bá ń gbé iṣu tuntun ọdún yìí bọ̀, kí ẹ kó owó dání, kí ẹ tún ilẹ̀ náà rà ní iye tí wọ́n ń tà á lónìí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, katakátà á wọ ibẹ̀ bí ẹ̀gẹ́ ṣe wà lórí ẹ̀.

Níbi ìpàdé yẹn lẹ ti pè mí. Ẹ gba fóònù Múfú, ẹ bọ́ sí ìkángun ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Ẹ ní kí n jẹ́ ká fara mọ́ ọn, pé ẹ ti dàgbà kọjá kóòtù, pé ẹ̀jẹ̀ yín ń ru.  Òjò bá dé lọ́dọ̀ yín. Mo gbọ́ ọ bó ṣe ń bọ̀. Ó kọ́kọ́ ta pàrà, pàrà, ó wá dà gììì sórí páànù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo sí mi, mi ò gbọ́ yín mọ́, òjò nìkan ni mò ń gbọ́. Mo tẹ fóònù mọ́ etí. Ẹ rò pé ẹkún ni mò ń sun tí mi ò fi dáhùn. Mi ò sunkún. Mò ń gbọ́ páànù mi ni.

Ìyàwó wa, Ìyá Múfú, ẹ sún mọ́ ọn. Ojú yín lèyí ṣe. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ́ ilé ọ̀hún, a ti gbẹ́ ìpìlẹ̀, a ti mọ búlọ́ọ̀kù, mo sì ti ní kí Bàbá Múfú lọ bá mi ra páànù ní Ìbàdàn kí owó ẹ̀ tó gbéra. Orí ilẹ̀ náà ni wọ́n tò ó sí. Bàbá Àlàó tìkára ẹ̀ ló gé imọ̀ ọ̀pẹ wá, ó bá wa bò ó kí ojú olè má baà tó o. Kò pẹ́ sígbà náà ni ìjì àkọ́rọ̀ òjò ṣí ilé rẹ̀ lórí, arúgbó àti àwọn ìyàwó rẹ̀ wà ní gbangba. Ó wá bá yín nílé. Ẹ̀yin lẹ bu omi fún un, ẹ sọ fún mi pé bó ṣe ń mu ún, omi ń dà sí i láyà. Ó ní kí a yá òun ní páànù tí Sàlámọ́tù fẹ́ fi bo ilé rẹ̀. Ilé èmi Sàlámọ́tù, ló wí. Ó ní bí òun bá ti kórè, òun á dá a padà.

Wọ́n pè mí, mo ní kí wọ́n gbé e fún un. Èèyàn kì í ní òrùlé nílẹ̀ kí òjò máa pa àgbàlagbà. Ta ló wá fi orí rù ú láti orí ilẹ̀ mi dé ilé bàbá rẹ̀? Tàjú ni. Páànù ya á lọ́wọ́, ó fẹ̀ láti ìdí àtàǹpàkò dé ìsàlẹ̀ ìka tó kẹ́yìn, ẹ̀yin ìyàwó wa lẹ ya etí ìró yín dì í fún un. Ẹ ṣàròyé ìró yẹn sí mi lórí fóònù títí mo fi fi òmíràn ránṣẹ́. Àbí ẹ ti gbàgbé? Mo mọ̀ pé ẹ ò gbàgbé.

Ìkórè dé, páànù ò dé. Ìkórè mìíràn dé. Bàbá Múfú ní kí n ṣe sùúrù, mo ṣe sùúrù, torí a kì í ṣí òrùlé kúrò lórí arúgbó. Lẹ́yìn náà ọkọ mi dùbúlẹ̀ àìsàn, owó gba ọ̀nà oògùn lọ, ilé mi dúró sí ìpìlẹ̀. Koríko bo ìpìlẹ̀. Àwọn kan ti kó búlọ́ọ̀kù lọ, mi ò tiẹ̀ béèrè. Ṣùgbọ́n páànù wà níbi tó wà, ó ń gbọ́n òjò nù fún àwọn tó jókòó sábẹ́ ẹ̀ tí wọ́n ń sọ pé mi ò nílẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà Ìbàràpá tí ẹ̀ ń ka èyí nínú ìwé ìròyìn, mo bi yín. Ẹni tó yá ilẹ̀ dá oko, kí ni wọ́n ń gbà á láyè kó ṣe níbẹ̀? Kó gbin iṣu, kó gbin ẹ̀gẹ́, kó pa ahéré tí á máa wọ̀ bí òjò bá ń bọ̀. Wọn kì í jẹ́ kó gbin kajú pàápàá, torí igi tó bá pẹ́ nílẹ̀ á di ẹjọ́ lọ́jọ́ iwájú. Onílẹ̀ wo ló wá rí ayálẹ̀ tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, tó ń to páànù jọ, tí kò pariwo, tó tún lọ gé imọ̀ ọ̀pẹ bá a bò ó? Bàbá Àlàó kì í ṣe ọmọdé. Ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ilẹ̀ tó tà àti ilẹ̀ tó yá èèyàn. Ó mọ̀ pé ẹ̀bùn ni iṣu yín, Bàbá Múfú. Ẹ̀yin lẹ fi ìwà rere yín kọ́ ọmọ rẹ̀ ní nǹkan mìíràn.

Bàbá Múfú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ yín ru lórí ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn. Nígbà tí bàbá wa kú, ẹran tó wà nínú ọbẹ̀ yín, ẹ̀ ń gé e sí méjì fún mi. Mi ò gbàgbé. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló gbé iṣu yẹn lọ, èmi ì bá ti wálé wá bá a jà lójú pópó.

Ẹ gbọ́ irú ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún mi. Lùkú pè mí láti Èkó, ó ní kí n ta ẹ̀tọ́ tí mo bá ní níbẹ̀ fún ẹni tó bá lágbára ẹjọ́, kí òun bá mi ra ilẹ̀ mìíràn lẹ́yìn Èkó, lọ́wọ́ àwọn tó ń polówó ilẹ̀ lórí fóònù. Ó fi àwòrán ẹ̀ ránṣẹ́. Géètì ni mo rí, géètì tó dára, òdòdó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo wò ó títí, mi ò rí ilẹ̀. Mo bi í pé kí ló wà lẹ́yìn géètì, ó ní ó ń bọ̀. Mo ní nígbà tó bá dé, kó kí i fún mi. Lèmọ́mù wa níbí ní kí n fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo ní mo ti fi ilẹ̀ lé E lọ́wọ́, ṣùgbọ́n páànù, ọwọ́ Tàjú ló wà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àdúrà ló kù.

Ti yín ló wá burú jù. Múfú jẹ́wọ́ fún mi pé ẹ ti ṣa iṣu tuntun, pé ẹ ti tò ó sẹ́yìn ilé, àwọn gbọọrọ, pé ẹ ti ra epo. Ẹ ní ẹ fẹ́ lọ fi tu Tàjú lójú. Ẹ ní bí ó bá rí iṣu, ọkàn rẹ̀ á rọ̀, bóyá á fi díẹ̀ sílẹ̀ fún wa nínú ilẹ̀ náà. Mi ò sùn dáadáa láti ìgbà tí mo ti gbọ́. Bí mo bá ń gbọ́ òjò, ẹ̀yin ni mò ń rí tẹ́ ẹ ru apẹ̀rẹ̀.

Iṣu tí ẹ ti ń gbé lọ tẹ́lẹ̀, ẹ lè ní ẹ̀bùn ni. Ọlọ́run mọ̀ pé ẹ̀bùn ni. Ṣùgbọ́n Tàjú ti pè é ní ìṣákọ́lẹ̀ lójú gbogbo ilé. Bí ẹ bá tún gbé e lọ lẹ́yìn tó ti fún un lórúkọ, ẹ ti fi ẹnu ara yín jẹ́ orúkọ náà. Kò sí lọ́yà tó máa gbà á padà. Ẹ̀yin lẹ máa fi ọwọ́ ara yín gbé ilé mi, kànga mi àti ìkángun tí mo fẹ́ kú sí lọ fún un, ẹ ó tún bu epo sí i.

Ẹ má gbé e lọ. Ẹ gún un, kí ilé jẹ ẹ́. Èyí tó bá kù, ẹ pín in fún àwọn tó wà nítòsí, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ku ẹyọ kan nílẹ̀ tí àánú á fi mú yín gbé e. Lẹ́yìn náà kí ẹ̀yin àti ìyàwó wa lọ sílé Tàjú ní ọwọ́ òfìfo. Ẹ má mú rìsíìtì lọ, ó ti ní kò lójú. Ẹ má bú u, ẹ má bẹ̀ ẹ́, ẹ má kúnlẹ̀. Ẹ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Bí òjò bá ń rọ̀, ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé yìí, kí ẹ sì dákẹ́. Bí ó bá ní òun ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, kí ìyàwó wa ní kó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kí gbogbo ilé rí àpá rẹ̀. Bí ó bá ní òun mọ̀, ẹ bi í pé kí ni páànù ayálẹ̀ ń wá lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó pè yín ní bàbá oníṣu dáhùn ìyẹn.

Èmi náà ń bọ̀. Mo ti ń ta abọ́ tó kù ní ẹ̀dínwó, ọmọ onílé ti gbọ́, ó ti ń mú àwọn èèyàn wá wo yàrá nígbà tí mo ṣì wà nínú ẹ̀. Bí òjò bá ti dá, màá wọ ọkọ̀. Mi ò ní sọ̀ sílé, ẹ má ṣe wá dúró dè mí ní gáréèjì. Ẹ̀yìn Pólì ni màá lọ tààrà, màá tẹ́ ẹní sórí ìpìlẹ̀ mi. Bí katakátà bá máa wá, kó wá bá mi níbẹ̀. Bí mi ò bá sì tíì gba ohun tó jẹ́ tèmi nígbà yẹn, àkàbà ni nǹkan tí màá kọ́kọ́ rà ní Èrúwà.

Kí Ọlọ́run fún ẹsẹ̀ yín lókun, kó gbé yín lọ, kó gbé yín bọ̀. Kí ìtìjú tí wọ́n fi kàn yín di tiwọn. Kí òjò rọ̀ sóko, kó má rọ̀ sínú ilé. Kí iṣu yín ta, kí ẹnu àwọn ọmọ yín sì ni yóò jẹ ẹ́. Kí Ìyá Múfú má ṣe gbàgbé ohun tí ojú wọn rí títí ọ̀rọ̀ yìí á fi yanjú. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ọkùnrin, obìnrin, ọmọ tí mo mọ̀ àti èyí tí wọ́n bí lẹ́yìn mi. Ẹ kí àwọn tó ń fi òkété ṣe mí yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́sí, èyí tó bá ṣì wà láyé nínú wọn.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ fi ẹran inú ọbẹ̀ yín tọ́,
Sàlámọ́tù, Ìyá Lùkú, láti Àbíjàn.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó sọ fún Tàjú nìyí. Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ nínú ẹ̀. Mi ò gba owó dípò ẹ̀, mi ò gba tuntun. Èyí tó wà lórí ilé yẹn, bó ti wù kó dógùn-ún tó, òun ni mo fẹ́:

Sàlámọ́tù ní kí o dá páànù òun padà.